Mo Gé Ohùn Bàbá Mi Kúrò Nínú Ìwé Wọn

Ẹ má béèrè orúkọ mi. Àwọn tó mọ̀ mí máa mọ̀ pé èmi ni, àwọn tí kò sì mọ̀ mí, kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi ṣe? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ń tì mí débi pé n kò lè sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ìwé ṣe ní ilé ìtẹ̀wé kan. Bí òǹkọ̀wé bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ jókòó tì í. Mo máa yọ àsọtúnsọ, mo máa to ohun tó wọ́, mo máa gé ohun tó gùn jù. Àwọn ará ọ́fíìsì sọ mí ní Àlùmọ́gàjí. Wọ́n á ní kò sí ìwé tó gba ọwọ́ Àlùmọ́gàjí kọjá kó má gẹrun. Inú mi máa ń dùn sí i. Mo máa ń rò ó pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó mi.

Awakọ̀ tírélà ni bàbá mi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bàbá kò lè sọ ìtàn kan ní tààrà. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ sọ bí ọlọ́pàá ṣe dá àwọn dúró, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ti bàtà tí ọlọ́pàá náà wọ̀, láti orí bàtà wọ́n á bọ́ sórí táyà, láti orí táyà wọ́n á bi màmá mi pé kí lorúkọ ọkùnrin tó ń bá wọn lẹ táyà nígbà kan. “Ìyàwó, bá mi rántí ẹ̀ jàre.” Ìyàwó ni wọ́n ń pe Màmá títí irun àwọn méjèèjì fi funfun, a sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀: “Ó wá jẹ́ pé.” Ó wá jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Ó wá jẹ́ pé bírékì kò mú. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn kì í pe orúkọ wọn mọ́. Bí Bàbá bá ti wọ gáréèjì, igbe tí wọ́n máa ń ké ni pé Ó-wá-jẹ́-pé ti dé.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ayé wọn. Ẹ̀yìn àwọn ìwé ẹrù tó ṣẹ́ kù láti ìgbà iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, lórí tábìlì ìjẹun. Màmá máa ń jókòó sí iwájú wọn, wọ́n á máa ká aṣọ. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, wọn kò lè ka ohun tí Bàbá ń kọ, Bàbá náà kò sì gbà láti kà á fún wọn. Wọ́n ní ó dìgbà tó bá di ìwé.

Ohun kan wà tí Màmá ń retí nínú ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan. Ibà ló pa á, kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Bàbá wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n jọ gbéra ti padà sílé, wọ́n ti ránṣẹ́ káàkiri, Bàbá kò dé títí wọ́n fi sin ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn, nígbàkigbà tí Màmá bá bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà, Bàbá á dìde, wọ́n á jáde síta. Wọ́n lo ayé wọn pọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yẹn nínú ilé.

Ìgbà tí ìwé yìí bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá tó sọ fún Màmá pé, “Ìyàwó, mo máa dá ẹ lóhùn níbẹ̀.” Ojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́. N kò lè ní n kò gbọ́.

Nígbà tí ara wọn kò le mọ́, Bàbá kó gbogbo ìwé náà fún mi, wọ́n fi okùn dì í. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí n sì bá àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Má bá mi tún un ṣe o. Mo mọ̀ ẹ́.”

Mo ní n kò ní fọwọ́ kàn án. Bàbá kú kó tó pẹ́.

Mo ti fọ́nnu ní ọ́fíìsì pé bàbá mi kọ̀wé. Ọ̀gá wa obìnrin ti ní àwọn máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ìtàn awakọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ni mo bá gbé ìdì ìwé náà wá síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ayàwòrán tó ń ya ẹ̀yìn ìwé fún wa mú ojú ewé kan, ó sì kà á sókè. Ibi tí bírékì Bàbá ti já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni. Tírélà ń sáré bọ̀ wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá dúró láàárín ìṣòro náà, wọ́n ń ṣàlàyé irú táyà tí àwọn kò fẹ́ràn, wọ́n bi Ìyàwó lórúkọ ẹnì kan tó ń sin ẹyẹlé, kí wọ́n tó wá padà sórí bírékì. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ayàwòrán nu omijé ẹ̀rín nù, ó ní, “Àlùmọ́gàjí, ṣé bàbá ẹ nìyí?”

Lónìí mo mọ̀ pé ìgbádùn ni wọ́n ń gbádùn rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ojú ewé mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n tú aṣọ lára bàbá mi níta gbangba. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní a kò tíì tún un ṣe ni. Mo sì mọ̀ pé mo ti ṣèlérí pé n kò ní tún un ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní àsọtúnsọ nìkan ni n ó yọ. Ìtàn kan wà tí Bàbá sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì yàtọ̀ díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Mo mú èyí tó kúrú jù. Lẹ́yìn náà mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá gbogbo “ó wá jẹ́ pé” tó wà nínú èyí tí mo ti tẹ̀ sórí rẹ̀. Ó wá wọn jáde, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo wọn pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ara tù mí nígbà tí mo rí i bí ojú ewé náà ṣe mọ́.

“Ìyàwó” ló kàn. Mo ní kí ló kan òǹkàwé pẹ̀lú ìyàwó awakọ̀? Ẹni tó ra ìwé kò bá wọn gbé. Gbogbo ibi tí Bàbá bá ti yà láti bá Màmá sọ̀rọ̀, mo gé e.

Mo dé ibi tí Bàbá ti ń sọ bí afárá kan ṣe wó tí ọkọ̀ kò lè kọjá. Ìtàn náà ń lọ dáadáa, mo tilẹ̀ ń yìn wọ́n lọ́kàn mi, lójijì ni wọ́n tún yà, wọ́n tún ń pe Ìyàwó. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo ní àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀. N kò kà á. Mo fò ó, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ láti ibi tí ọ̀rọ̀ afárá ti padà wá.

Ẹ máa bi mí pé ṣé n kò rántí ohun tí Màmá ń retí ni. Mo rántí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ máa wà ní orí tirẹ̀, pẹ̀lú àkọlé tirẹ̀, bóyá níparí ìwé. Bí àwọn òǹkọ̀wé tí mò ń tún iṣẹ́ wọn ṣe ṣe máa ń tò ó nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ dópin, n kò rí i. Mo ní Bàbá ti tún sá fún ọ̀rọ̀ náà. Mo tilẹ̀ bínú sí wọn nítorí Màmá.

Àbúrò mi ọkùnrin, wẹ́dà ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ ṣókí. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ rí àwọn ìwé tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ, òun fẹ́ tọ́jú wọn. Mo ní wọ́n wà ní ọ́fíìsì. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbà wọ́n. Bó bá fi ìkan wé ìkejì, àṣírí mi tú nìyẹn.

Ẹ̀rọ kan wà ní ọ́fíìsì wa tó ń gé ìwé tí a kò lò mọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọjọ́ ìsinmi ni mo lọ síbẹ̀, tí kò sí ẹnì kankan. Mo tú okùn Bàbá, mo sì ń ki ìwé wọn bọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu, ewé kan tẹ̀ lé ìkejì. N kò sunkún. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ wọn ti wà lórí kọ̀ǹpútà, pé èyí tó dára jù ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé atẹ̀wé kò tíì dá wọn padà. Nígbà tó tún béèrè, mo ní wọ́n ń wá a. Irọ́ kan kì í dá rìn, ó ní láti pe ẹlòmíràn kó wá bá òun gbé ẹrù.

Ìwé náà jáde. A pe àwọn ẹbí àti àwọn awakọ̀ àtijọ́ wá sí gbọ̀ngàn kékeré tó wà lókè ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá wa fúnra wọn ló ka ibi tí bírékì ti já. Ìtàn náà lọ geere. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń pa fún àlejò.

Àgbà awakọ̀ kan wà tí òun àti Bàbá jọ ń rìn, Gíà Karùn-ún ni ìnagijẹ wọn. Wọ́n dìde, wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n wá sọ pé, “Ọmọ wa, ìwé yìí dán. Mo kàn ń wá Ó-wá-jẹ́-pé nínú ẹ̀ ni, n ò rí i.”

Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lẹ́nu. Àbúrò mi yíjú sí mi. N kò lè wo ojú rẹ̀, mo ń to ìwé tó ti wà létòlétò lórí tábìlì.

Èmi àti àbúrò mi mú Màmá délé ní ọ̀sán náà. Wọ́n jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀, wọ́n ní kí n ka ibi tí afárá ti wó fún àwọn. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé afárá kan wó. Wọ́n wò mí bíi pé mo ń ṣàárẹ̀.

“Ọjọ́ tí ọmọ mi kú ni. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n jọ gbéra ló gbé ìròyìn náà wálé.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọjọ́ kan náà ni. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tí mo fò.

Mo kà á. Afárá wó, ọkọ̀ tò lọ súà, àwọn òṣìṣẹ́ wá tún un ṣe, ọ̀nà là.

Màmá ní ṣé ó tán ni. Wọ́n ní ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti bá àwọn sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú. Mo ní, “Ó wà, Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i.” Mo ṣí ojú ewé mìíràn, mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọ̀rọ̀ láti inú ara mi. Mo ní, “Aya mi ọ̀wọ́n, lọ́jọ́ burúkú náà, ẹrù ìbànújẹ́ tó wà lọ́kàn mi wúwo ju ẹrù tí ọkọ̀ mi gbé lọ. Ìfẹ́ rẹ nìkan ló gbé mi dúró. Jọ̀wọ́, foríjì mí.”

Mo gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ó dùn. Iṣẹ́ mi kúkú ni.

Màmá ní, “Ta ni aya ọ̀wọ́n?”

Mo tún tẹjú mọ́ ojú ewé náà.

“Bàbá yín ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá fẹ́ tọrọ ìforíjì, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ kiri. Èyí ò wá nǹkan kan. Ìwọ lo sọ ọ́.”

Àbúrò mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú ewé tí mo ṣí. Ìtàn ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ló wà níbẹ̀. Ó pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni àwọn ìwé Bàbá wà?”

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo, láti orí ẹ̀rín ọ́fíìsì títí dé orí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀rọ náà, àbúrò mi dìde. Kò bú mi, ìbá tù mí lára ká ní ó bú mi. Ó kí Màmá pé ó dàárọ̀, ọ̀sán sì ni, ó jáde.

Ó wá ku èmi àti Màmá. Mo rò pé wọ́n máa ké tàbí kí wọ́n lé mi jáde. Wọn kò ṣe ìkankan. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n bi mí.

“Ibi tó o fò yẹn, ṣé ó gùn?”

Mo ní ó gùn. Mo ní ó ju ìdajì ojú ewé lọ.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Wọ́n dá mi lóhùn nígbà náà. Ìwọ ni ò jẹ́ kí n gbọ́.”

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ kejì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti da ìdọ̀tí ẹ̀rọ náà nù, mo mọ̀, síbẹ̀ mo lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wa, wọ́n sì kó ìwé náà kúrò lórí àtẹ. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ayàwòrán kò pè mí ní Àlùmọ́gàjí mọ́, kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àbúrò mi máa ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ́ kiri, tó máa ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní ọ̀rọ̀ kan tó ti sú yín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá kọ ọ́. Ohun tó sú yín yẹn ni ẹ fi máa dá a mọ̀ nígbà tí kò bá sí mọ́. Ìka kò dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó ń gé èyí tó gùn nínú wọn. Mo ti bẹ olóòtú ìwé ìròyìn yìí kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, ibi tó bá ti wọ́, kó wọ́.

Mo ṣì ń lọ kí Màmá. A máa ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ti egbòogi ojú wọn. Bó bá ti ń di ìgbà tí mo fẹ́ dìde, wọ́n á ní ṣé mo ti rántí nǹkan kan sí i. Mi ò rántí. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ojú mi kó kí n tó fò ó, Màmá sì máa ń ní kí n tún un sọ fún àwọn, bí Bàbá ṣe kọ ọ́ gan-an, kí n má yọ nǹkan kan kúrò.

“Ìyàwó, Ìyàwó, ó wá jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn, mo…”

Wọ́n á tẹ etí sílẹ̀, wọ́n á máa retí kí n máa bá a lọ. Ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ sí.